Wákàtí Méjì ní Pápá Ìṣeré Kútò

Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò ní ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ máa ń wí fún àwọn ọmọ akọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà sì wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ létí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi lè rin ogún ìlú fún ọgbọ̀n ọdún, kí ó má sì rí nǹkan kan nínú wọn ju tábìlì, ìwé, àti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà dé ilé, tí àwọn ọmọ yí i ká tí wọ́n ń bèèrè pé, “Bàbá, kí ni ẹ rí lọ́hùn-ún?” kò ní ohun kan láti sọ fún wọn bí kò ṣe pé òjò rọ̀, àti pé oúnjẹ wọ́n. Ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe akọ̀wé, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tí ń lọ káàkiri nítorí iṣẹ́ ìjọ, a gbàgbọ́ pé àwọn òǹkàwé wa ọ̀wọ́n mọ ohun tí a ń wí.

Èrò tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àkókò tí a ti fi owó rà lọ́wọ́ ẹni, ti ẹni tí ó rà á ni. Ẹni tí ó bá sì jí wákàtí kan nínú rẹ̀, olè ni, ìbáà jẹ́ pé ìran dáradára ni ó fi wò. Ṣùgbọ́n láàrin ìgbà tí iṣẹ́ parí àti ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra, àlàfo kan máa ń wà tí kì í ṣe ti ọ̀gá, tí kì í sì í ṣe ti ilé. Àlàfo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Nígbà tí a lọ sí Abẹ́òkúta gbẹ̀yìn, a fi tiwa wo Pápá Ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá tí ó wà ní Kútò, ohun tí a rí níbẹ̀ ni a sì fẹ́ ròyìn.

Iṣẹ́ tí ó gbé wa lọ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìwé àtijọ́ kan ni, tí a kọ orúkọ àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún sí, tí kòkòrò sì ti ń jẹ etí rẹ̀. Ìdílé kan ní Ìbàdàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí baba ńlá wọn gba orúkọ, àwa ni a sì rán láti lọ ṣe àdàkọ rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé Abẹ́òkúta ni a rán wa lọ, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà, níbi tí Henry Townsend kọ́kọ́ dé ní 1843. Níbẹ̀ náà ni ó sì ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859, èyí tí í ṣe baba fún gbogbo ìwé ìròyìn èdè wa, àti èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí pẹ̀lú.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà ní òwúrọ̀. Ọ̀nà irin tuntun yìí, tí ó gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn, ni a ṣí ní gbangba ní oṣù Kẹfà 2021. Ibùdó rẹ̀ ti Abẹ́òkúta wà ní Láderin, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tí a bí ní ìlú náà ní 1934 ni a sì fi pè é. Kí ẹni tí yóò bá gba ibẹ̀ rántí pé ibùdó náà jìnnà sí àárín ìlú, kí ó sì ya owó mọ́tò sọ́tọ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀, nítorí owó yìí ni ó máa ń dójú ti àlejò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan wà pẹ̀lú wa, ọmọ dáradára, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Òun ni ó dá a lábàá pé kí a kọ́kọ́ lọ sí Kútò kí oòrùn tó mú, kí a sì padà wá ṣe iṣẹ́ ní ọ̀sán. A kọ̀ fún un. Bí a bá kọ́kọ́ wo ìran, ojú wa yóò wà lára ìwé, ọkàn wa yóò wà ní pápá, àṣìkọ orúkọ kan ṣoṣo sì tó láti sọ ọmọ ìdílé kan di ọmọ ìdílé mìíràn títí ayé. Ó dákẹ́, ó sì fi ìkanra pọ́n kálàmù rẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán a ti rí orúkọ náà, a ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ti fi wé ara wọn, ẹni tí ó ni ìwé sì ti fọwọ́ sí i. Láti agogo méjì ààbọ̀ títí di agogo mẹ́rin ààbọ̀, àwa ni a ni ara wa.

Kí a tó wọlé, ó yẹ kí a sọ nípa orúkọ tí ó wà lára pápá náà, nítorí àwọn ọmọ òde òní mọ orúkọ náà lẹ́nu ju bí wọ́n ti mọ ìtàn rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1937 ni a bí Moshood Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí baba rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó yè nínú wọn. Nítorí náà ni a ṣe sọ ọ́ ní Káṣìmáawò, pé kí a ṣì máa wò ó bóyá yóò dúró. Ó ṣẹ́ igi ìdáná tà ní kékeré. Ọmọ Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọkùnrin ní Abẹ́òkúta ni ó ti kàwé, òun àti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n sì jọ wà níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọlọ́rọ̀, ó na owó sórí eré ìdárayá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè é ní Òpó Eré Ìdárayá ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ń jẹ́ Abiola Babes fi Abẹ́òkúta ṣe ilé, ó sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 1985 àti ní 1987. Ẹgbẹ́ náà kò sí mọ́. Òun fúnra rẹ̀ díje fún ipò ààrẹ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, ìjọba ológun sì fagi lé ìbò náà ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Ní 1994 a mú un, ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998 ó sì kú sí àhámọ́. Láti 2019 ni pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pẹ̀lú ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí a ní kí a ṣì máa wò, ó ti di ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ kọ sára ògiri méjì.

Ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi wá léèrè ohun tí a ń fẹ́. A kò parọ́ fún un pé ẹnì kan ń retí wa, bí àwọn kan ti máa ń ṣe. A sọ fún un pé akọ̀wé ni wá láti Ìbàdàn, pé iṣẹ́ wa ti parí, pé a fẹ́ fi ojú wa rí pápá náà kí a tó wọ ọkọ̀, a sì fi ìwé ìdánimọ̀ wa hàn án. Ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, kò sí bọ́ọ̀lù lónìí o.” A ní a mọ̀. Ó ní kí a wọlé, kí a má ṣáà dí àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá rí pápá ìṣeré ní ọjọ́ àjọ̀dún nìkan kò tíì rí i. Ní ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ni a ń rí. Ariwo, àsíá, àwọn ìjòyè lórí àga tìmùtìmù. Ní ọ̀sán tí kò sí nǹkan kan ni a rí pápá fúnra rẹ̀: koríko ní àárín, ojú ọ̀nà ìsáré tí ó yí i po pẹ̀lú ìlà funfun rẹ̀, àti ìjókòó tí ó ga sókè ní ìpele ní ìpele láìsí ẹnì kan lórí rẹ̀. A gun òkè lọ, a sì jókòó níbi tí òjìji wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, tí í ṣe ọmọ Ìbàdàn gidi, wo yíká, ó sì ní, “Tiwa tóbi jù èyí lọ.” Pápá Liberty ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1960 tí ó sì ti ń jẹ́ Pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 2010, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnì kan. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, tí Fullmer kò sì lè jáde fún ìpele kẹjọ, tí àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé fi dúró sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. A bi í pé, ìgbà mélòó ni ó ti wọ inú rẹ̀? Ó ní òun kò wọ ibẹ̀ rí. Ẹ̀yìn odi rẹ̀ ni òun ń gbà lọ sí ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kì í pe onílé. Àlejò tí ó ní wákàtí méjì péré ni í sáré wò ó.

Àwọn Ẹ̀gbá sì ní ohun tí wọ́n lè fi fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lésì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Súrùlérè, ayò mẹ́ta sí òdo ni a fi lu Àlùjíríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì nínú rẹ̀, Mùdáṣírù Lawal sì jẹ ẹ̀kẹta, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ti gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn àwa àti àwọn Ẹ̀gbá lórí wọn kò fi ní tán láéláé. Lawal, tí ó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì rí kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù, kú ní 1991. Ọdẹ́gbàmí dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wáṣimi, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá pọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ Kútò di ibi tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ ni Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè. Ní Èkó ni a ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún yìí ní 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, kí àwọn ọmọ tí baba wọn ti dojú ìbọn kọ ara wọn lè máa sáré pọ̀ lórí ilẹ̀ kan. Ìpínlẹ̀ Ògùn gbà á lálejò ní 2006, ó sì tún gbà á lálejò láti ọjọ́ 16 títí di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2025, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejìlélógún. Ní oṣù Keje ọdún 2025 kan náà, àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ wá sáré ìje ní pápá náà, àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 àti àwọn tí kò tíì pé 20.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di agogo mẹ́ta ààbọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n to àpò ìwé wọn jọ sí ẹsẹ̀ ìjókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pápá ká díẹ̀díẹ̀ kí ara wọn lè gbóná. Nísàlẹ̀ wa, ìyá kan jókòó, ó gbé àpò ìwé kan lé ẹsẹ̀. A kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó o, ìyá.” Ó yíjú sókè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ẹ kò jọ ará ibí.” A sọ ibi tí a ti wá fún un, ó sì nawọ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wọ aṣọ búlúù, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mítà 400 ni ó ń sá, ìyẹn ni pé yóò yí gbogbo pápá ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí eré tí ó le jù ú lọ fún àyà àti itan. Eré yìí kan náà ni Fálílàt Ògúnkọ̀yà, tí a bí ní Òde Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, sá ní Atlanta ní 1996, tí ó fi gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà ní Òlíḿpíìkì. Nígbà tí a sọ èyí, ìyá náà ní ọmọ òun mọ̀ ọ́n, pé ó ti kọ orúkọ náà sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ṣí àpò náà, ó sì mú ìwé kan jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé àṣẹ òbí ni. A ti yan ọmọ náà láti lọ sáré ní Jọ́ọ̀sì, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ padà sí ọwọ́ olùkọ́ ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ọwọ́ baba tàbí ti ìyá lórí rẹ̀. Ibi tí a óò fọwọ́ sí ṣì ṣófo. A rò pé baba ni kò fẹ́ kí ọmọbìnrin máa sáré níta, nítorí a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ìjọ. Ìyá náà mi orí. Ó ní, “Kì í ṣe eré ni ó ń bẹ̀rù, bàbá. Títì ni. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ ara òun kọ ọmọ òun fún títì.” Ó sì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Kánò.

Ẹ ó rántí rẹ̀. Nígbà tí àjọ̀dún 2025 parí, àwọn ẹlẹ́rẹ ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò wọ ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ògùn padà sí ilé, ìrìn tí ó ju kìlómítà 900 lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n ti wọ ilẹ̀ Kánò, tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ilé, ọkọ̀ wọn já bọ́ láti orí afárá, ènìyàn 22 nínú wọn sì kú. Àwọn tí wọ́n rìn wọ ibí yìí tayọ̀tayọ̀ ni, lórí koríko tí a ń wò yìí. Ìyá náà ní òun wà lára àwọn tí ó wá wòran, pé òun pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ Kánò nígbà tí wọ́n kọjá, láìmọ ẹnì kan nínú wọn.

Ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin tí ń rin ìrìn àjò nítorí iṣẹ́, ṣé ẹ̀yin kì í bẹ̀rù ni?”

A ní a máa ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ láìpẹ́, tí kò sì mọ ọmọ náà ju ìdajì wákàtí lọ, sọ fún ìyá pé kí ó fọwọ́ sí ìwé tàbí kí ó má fọwọ́ sí i. Ẹnu kò gbé e fún wa. Ohun tí a mọ̀ ni iṣẹ́ ìwé. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, a ya ojú ewé kan nínú ìwé wa, a sì kọ ìbéèrè sí i fún olùkọ́ eré náà: Irú ọkọ̀ wo ni, ta ni ó sì ni ín? Awakọ̀ mélòó ni yóò wà nínú rẹ̀? Ṣé wọn yóò rìn ní òru? Níbo ni wọn yóò sùn lọ́nà? Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, tí a rò pé kò fetí sí wa, ní kí a fi kún un pé, ta ni a lè pè lórí fóònù bí ọkọ̀ bá pẹ́? A fi kún un.

Ìyá náà kà á sókè, ó tún un kà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá olùkọ́ náà lẹ́bàá ìlà. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n a rí i pé ọkùnrin náà kò bínú. Ó gba ìwé náà, ó fi lé orúnkún, ó sì ń kọ nǹkan sí i. Nígbà tí ìyá padà, a rí i pé ó ti dáhùn mẹ́ta. Ní ti òru, ó kọ pé òun yóò bèèrè. Ní ti iye awakọ̀, kò kọ nǹkan kan.

Ìyá náà ní, “Baba rẹ̀ yóò ka èyí. Bí kò bá sí ìdáhùn sí méjì yìí lọ́la, èmi fúnra mi kò ní fọwọ́ sí i. Bí ó bá sí, a ó jọ sọ ọ́ lálẹ́.” Ó ká ìwé méjèèjì pọ̀, kò sì fi wọ́n sísàlẹ̀ àpò mọ́, àárín ìwé ìṣirò ni ó fi wọ́n sí.

Agogo mẹ́rin ti lù, a sì ti dìde, nígbà tí olùkọ́ fọn fèrè. Ọmọbìnrin náà àti àwọn mẹ́ta mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti mú fóònù jáde láti ka àkókò. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ọmọ náà wà lẹ́yìn ẹni méjì. Ní ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ gbẹ̀yìn, ó kọjá ọ̀kan. Nígbà tí ó kù bíi mítà 50, ó kọjá èkejì, ojú rẹ̀ fà, apá rẹ̀ kò sì dúró déédéé mọ́. Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn di àpò ìwé náà mú ṣinṣin. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá méjì ni fóònù kà. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó wo òkè ìjókòó láti mọ̀ bóyá ìyá òun rí òun, lẹ́yìn náà ó padà lọ síbi ìlà ìbẹ̀rẹ̀, nítorí olùkọ́ ti tún ń pè wọ́n.